Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Tí Omíyalé Ti Mù

Ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí omi ti mù máa ń wọ ẹni tó ń wá ọjà pọ́ọ́kú lójú. Ara rẹ̀ ń dán, kò sí ibi tó tẹ̀, awọ ìjókòó rẹ̀ ṣì rọ̀, iye tí wọ́n ń pè é ní ọjà gbàǹjo sì lè má tó ìdajì iye tí irú rẹ̀ tó péye ń lọ. Mọ́tò tó forí sọ nǹkan kì í lè fi ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ẹ ó rí bọ́ńpà tó fọ́, ẹ ó rí ṣáásì tó wọ́, ẹ ó sì lè jókòó ṣírò ohun tó máa gbà. Èyí tí omi mù ń fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti sínú wáyà, ìbàjẹ́ náà sì ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn tí omi ti lọ. Ó lè rìn dáadáa fún oṣù mẹ́rin, kí gíláàsì máa lọ sókè máa lọ sílẹ̀, kí rédíò máa kọrin, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò kò ní dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Nítorí náà, iye owó kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Mẹ́rin ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀: irú omi wo ni, ibo ló mù ún dé, ọjọ́ mélòó ló lò nínú omi, ṣé bátìrì sì wà lórí rẹ̀ nígbà tí omi wọlé? Lójú tèmi, ẹni tí kò bá rí ìdáhùn tó dá a lójú sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tíì lè dúnàá-dúrà lórí mọ́tò náà rárá.

Irú omi tó wọ̀ ọ́

Omi òjò tó dúró níbi tí wọ́n gbé mọ́tò sí ló rọrùn jù nínú wọn. Omi odò ń gbé ẹrẹ̀ kúnná wọlé, ẹrẹ̀ yìí ló ń wọ inú bíárìnì, ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì, èyí tó ń sún ìjókòó, àti ojú àwọn ẹnu wáyà, tí yóò sì máa lọ irin níbẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Omi gọ́tà àti ti ṣaláńgá ń gbé àrùn wọ inú fóòmù. Gbogbo ohun rírọ̀ tó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe gbìyànjú láti fọ̀ ọ́.

Omi òkun ló burú jù, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ọn. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ́ kí iná gba inú omi kọjá fàlàlà, ó ń jẹ bàbà, ó ń bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dáàbò bo alumíníọ̀mù. Bó bá tilẹ̀ gbẹ, iyọ̀ tó ṣẹ́kù ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì sì kún fún alumíníọ̀mù ju mọ́tò yòókù lọ: láti 1994 ni Audi A8 ti ń lo férémù alumíníọ̀mù, ara Range Rover tó jáde ní 2012 náà sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Níbi tí nọ́ọ̀tì onírin bá ti kan alumíníọ̀mù, tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun yí ojú nọ́ọ̀tì náà ká, ẹ ó sì rí i lára irin tí ìjókòó ń yọ̀ lé lórí. Bí ẹ bá ti rí i, tàbí tí mọ́tò náà wá láti ìlú etí òkun lẹ́yìn ìjì ńlá, ẹ rà á fún pààtì nìkan: ilẹ̀kùn, gíláàsì, ríìmù, àti ohun tó wà lókè ibi tí omi dé. Mi ò rí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbìyànjú láti dá mọ́tò tí òkun mù padà sójú títì.

Ibi tí omi dé

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí omi kò bá kọjá kápẹ́ẹ̀tì, kò tíì sí wàhálà. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ fún mọ́tò kékeré àtijọ́. Nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì, omi tó ga tó ìka mẹ́rin péré lè jẹ owó rẹpẹtẹ, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni àwọn tó ṣe é kó àwọn ọpọlọ rẹ̀ sí, àwọn àpótí kéékèèké tí mẹkáníìkì ń pè ní brainbox. Nínú Audi A6 tó jáde ní 1997 àti Volkswagen Passat ìgbà náà, ọpọlọ tó ń darí lọ́ọ̀kì, gíláàsì àti aláàmù wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, fóòmù sì yí i ká. Nínú BMW 5 Series oníbúùtù gígùn tí wọ́n ń pè ní E61, ihò tó wà nísàlẹ̀ búùtù ni wọ́n kó ọpọlọ bíi mélòó kan sí, omi òjò tó ń jò wọlé láti òkè lásán sì ti ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni bátìrì Mercedes-Benz ML tí wọ́n ń pè ní W164 wà. Kí ẹ tó lọ wo mọ́tò kankan, ẹ wá àwòrán tó fi ibi tí gbogbo ọpọlọ irú mọ́tò náà wà hàn, kí ẹ sàmì sí gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ ojú ìjókòó. Iye tí àwọn wọ̀nyí bá tó ni ẹ ó fi mọ ohun tí omi náà máa ná yín.

Bí omi bá dé orí ìjókòó, ẹ̀rọ inú ìjókòó, ọpọlọ airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú nígbà ìjàǹbá), ẹnu wáyà inú ilẹ̀kùn àti gíà ti wọ̀ ọ́. Bó bá dé dáṣíbọ́ọ̀dù, mo gbà pé kó lọ fún pààtì, omi yòówù kó jẹ́. Ìdí ni pé wáyà ńlá tó gba ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá máa ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún mọ́tò yẹn gan-an pẹ̀lú gbogbo ohun tí oní mọ́tò àkọ́kọ́ ní kí wọ́n fi sí i. Yíyọ rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, rírí irú rẹ̀ gan-an sì ṣòro.

Ẹni tó ń tà á lè sọ pé omi kò kọjá kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àwọn tó ń fọ mọ́tò fún títà kì í sábà fa á tán, nítorí náà apá tó máa ń wà nínú ilé rẹ̀ ṣì ń di ẹrẹ̀ mú, ibi tí àwọ̀ ti yí padà sì máa ń fi ibi tí omi dé hàn gbangba. Ẹ fi ọwọ́ wọ abẹ́ irin ìjókòó, kí ẹ wo ojú bóòtì rẹ̀: ìpẹtà níbẹ̀ nínú mọ́tò tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í ṣe ohun tí ẹsẹ̀ tútù ń fà. Ẹ ṣí ilé fíọ́ọ̀sì tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ yọ fíọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹ yọ iná inú ilẹ̀kùn, kí ẹ yọjú wo inú ihò rẹ̀. Ẹ fi imú gbóòórùn ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amútutù ń gbà jáde. Lọ́fínńdà tó pọ̀ jù nínú mọ́tò máa ń bò nǹkan mọ́lẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó tuntun ju mọ́tò lọ, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti búùtù mu, náà ń sọ̀rọ̀.

Iná tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà

Èyí ni ohun tí wọ́n ń bèèrè kéré jù, ó sì ṣe pàtàkì ju bí omi ṣe ga lọ. Ọpọlọ mọ́tò tí omi mu nígbà tí iná kò sí lára rẹ̀ lè yè bó bá jẹ́ omi tí kò níyọ̀, tí wọ́n sì fọ̀ ọ́ kíákíá. Bí bátìrì bá wà lórí rẹ̀, iná ń gba inú omi láti ẹsẹ̀ irin kan nínú ọpọlọ náà lọ sí èkejì, bàbà ẹsẹ̀ tí iná ti ń wá ń yọ́ lọ sínú omi, ó ń di àwọ̀ ewé, òru ọjọ́ kan sì ti tó láti jẹ ẹsẹ̀ tín-ínrín tán. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì kì í sùn pátápátá nígbà tí wọ́n bá pa á, nítorí lọ́ọ̀kì, aláàmù àti kọ́kọ́rọ́ aláìfọwọ́kàn ń gba iná lọ́sàn-án lóru. Bí mọ́tò méjì bá wà nínú omi kan náà, tí wọ́n tú bátìrì ọ̀kan kí omi tó wọlé, tí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni iye tí mo lè san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wáyà náà ní ọgbọ́n ìparun tirẹ̀. Okùn bàbà tín-ín-tìn-tín púpọ̀ ló wà nínú ike rẹ̀, àlàfo àárín wọn sì ń fa omi gòkè. Ìdí nìyí tí ẹnu wáyà tó wà lókè ibi tí omi dé fi lè jẹrà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bí ẹ bá gé wáyà kan tí bàbà rẹ̀ dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹ máa gé sẹ́yìn títí ẹ ó fi kan bàbà tó pọ́n tó ń dán. Bí ẹ kò bá kàn án, gbogbo wáyà náà ni ẹ ó pààrọ̀.

Ẹ́ńjìnnì àti gíà

“Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wá gbọ́ ọ” ni ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lẹ́rù jù lẹ́nu ẹni tó ń ta irú mọ́tò yìí. Omi kì í fún bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún. Bí omi bá wà lórí písítìnì, tí wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì, písítìnì yóò bá omi pàdé níbi tí kò ti sí àyè, apá tó so ó mọ́ kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, yóò sì tẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí apá rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ ṣì lè jó, kó tiẹ̀ dún dáadáa, títí apá náà yóò fi já lọ́jọ́ kan lójú títì, tí yóò sì lu ihò sí bùlọ́ọ̀kù.

Nítorí náà, ẹ má tan án. Ẹ ṣí ilé asẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ wo bóyá ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí ìwé asẹ́ náà ti wú. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì: bó bá rí funfun bíi wàrà, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì tó mọ́ kò sì túmọ̀ sí pé kò sí omi, nítorí omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì pò wọ́n pọ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ohun tó bá kọ́kọ́ jáde kán sínú ike funfun. Lẹ́yìn náà ẹ yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì, kí ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yí bóòtì kíráńkì lọ́wọ́ dé ìyípo méjì. Bó bá dúró níbì kan, ẹ má fi ipá mú un. Kámẹ́rà tín-ínrín tó ń wọ ihò pílọ́ọ̀gì yóò fi ìpẹtà ara sílíńdà hàn yín. Kí ẹ tó gbà pé apá kankan kò tẹ̀, ẹ ki ọ̀pá tó tọ́ sí ihò pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan nígbà tí písítìnì rẹ̀ bá wà lókè pátápátá, kí ẹ sàmì sí i: èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, apá rẹ̀ ti kúrú. Ẹ wọn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá 15 nínú 100 lọ kéré sí àwọn yòókù, ẹ gbà pé ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ wá sílẹ̀.

Gíà ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Gíà, dífù àti àpótí tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ihò kékeré tí wọ́n fi ń mí. Bí wọ́n bá gbóná nígbà tí omi tútù bò wọ́n mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ inú wọn yóò fún, wọn yóò sì fa omi gba ihò náà wọlé. Nínú gíà ọ̀tọ̀máàtì, àwọn àwo tó ń di ara wọn mú ní awọ bíi ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ irin. Omi ń wú awọ náà, ó ń tú gọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì ń bọ́ lọ sínú ọ́ìlì. Nínú gíà ZF onípele mẹ́fà tí BMW 7 Series bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2001, inú gíà gan-an ni ọpọlọ rẹ̀ wà, ó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì náà. Dídà ọ́ìlì nù lẹ́ẹ̀kan kò sì tó, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣẹ́kù sínú kọ̀ńfátà, ìyẹn apá tó so gíà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì náà ló lè mú un jáde tán, bó bá sì ti funfun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ka owó gíà mìíràn mọ́ ìṣirò yín. Bó bá jẹ́ mọ́tò tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ fa gbogbo epo inú táńkì jáde kí ẹ tó tan án rárá: dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì tí pọ́ńpù rẹ̀ ń lò, omi díẹ̀ ti tó láti mú kí irin jẹ irin nínú rẹ̀, ìdọ̀tí irin náà yóò sì dé gbogbo ẹnu tó ń fọ́n epo.

Àwọn ọpọlọ àti ohun tí wọ́n máa gbà

Ọkọ̀ bọ̀gìnnì òde òní lè ní ọpọlọ tó lé ní 50, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀, ètò tí Bosch gbé jáde ní 1986 tí wọ́n ń pè ní CAN. Ìdánwò kan wà tó rọrùn tí ẹnikẹ́ni tó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lè ṣe. Ẹ tú bátìrì, ẹ fi mítà sí ihò 6 àti 14 nínú ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ sikáànì bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ohm 60 (ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà iná) ló yẹ kó fi hàn, nítorí ohm 120 wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi 120 hàn, ìpẹ̀kun kan ti já. Bó bá wálẹ̀ gan-an sí òdo, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn níbì kan, tàbí omi wà nínú ọpọlọ kan. Nínú àwọn mọ́tò tuntun tí ọpọlọ aṣọ́nà wà lẹ́yìn ihò náà, mítà kò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ wo ìwé mọ́tò náà kí ẹ tó dájọ́.

Láti 2001 tí BMW 7 Series ti mú un wá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì ń lo okùn ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá fún rédíò, máàpù àti fóònù. Òrùka ni wọ́n fi í ṣe: ìmọ́lẹ̀ ń ti ọpọlọ kan bọ́ sí èkejì títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ẹni tó rí i pé ojú rédíò dúdú lè rò pé rédíò ló bàjẹ́, kó ná owó ńlá sórí rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ampilifáyà inú búùtù ni omi mù. Ẹ máa fi okùn kékeré tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí fo ọpọlọ kọ̀ọ̀kan dá, títí òrùka yóò fi jí.

Ẹ̀rọ sikáànì tó yẹ ni kí ẹ fi wò ó, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ mọ́tò náà ń lò: Xentry fún Mercedes-Benz, ISTA fún BMW, ODIS fún Audi. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Ẹ wo iye kìlómítà tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan fi ṣẹlẹ̀. Bí ọpọlọ 15 bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò gbọ́ ohùn ara wọn mọ́ ní kìlómítà kan náà, ọjọ́ tí omi wọlé nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, ẹ wo àwọn ìdánwò tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe fúnra rẹ̀ bó ṣe ń rìn: bí wọn kò bá tíì parí, ẹnìkan lè ti pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́ láìpẹ́.

Kí wá ni ti ọpọlọ àlòkù? Ó wà, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti so mọ́ mọ́tò tí wọ́n ti wá. Nínú Mercedes-Benz, ojú ihò kọ́kọ́rọ́, ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, ọpọlọ gíà àti lọ́ọ̀kì sítíárín gbọ́dọ̀ mọ ara wọn kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Audi ní ààbò tirẹ̀, tí ọpọlọ tí wọ́n gbé láti inú mọ́tò mìíràn kò fi ní ṣiṣẹ́ tán àfi tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Iye tí ẹ máa san fún ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lè ju iye tí ẹ ra ọpọlọ náà lọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra mọ́tò. Bí kò bá sí ẹni tó lè ṣe é nítòsí yín, kò sí iye tó kéré tó tí mọ́tò náà fi lè jẹ́ ọjà.

Ohun tí n kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fọ̀ kó sì dá padà ni ti airbag. Ọpọlọ rẹ̀ sábà máa ń wà lórí ilẹ̀ mọ́tò láàárín ìjókòó méjèèjì iwájú, ohun tó ń fa bẹ́líìtì mú èèyàn wà nísàlẹ̀ òpó ẹ̀gbẹ́, omi sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ní kíákíá. Èyí tí omi ti mu lè má tú nígbà ìjàǹbá, ó sì lè tú nígbà tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Tuntun ni kí ẹ fi rọ́pò ọpọlọ náà, ohun tó ń fa bẹ́líìtì, sẹ́ńsọ̀ inú ìjókòó, àti airbag ẹ̀gbẹ́ ìjókòó bí omi bá dé ibẹ̀. Iná airbag tó kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí àwọn kan ń fi ọgbọ́n pa á.

Nípa mọ́tò oníbátìrì ńlá àti èyí tó ń lo epo àti iná pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí omi iyọ̀ bá ti kàn án. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ìjì Sandy gbé omi òkun wọ èbúté Newark ní Amẹ́ríkà, Fisker Karma 16 sì jóná níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé iyọ̀ tó ṣẹ́kù nínú ọpọlọ kan tó ń lo iná bátìrì kékeré ló mú kí iná kan ara wọn, kì í tiẹ̀ ṣe bátìrì ńlá. Lẹ́yìn ìjì Ian ní 2022, àwọn panápaná Florida bá iná mọ́tò oníbátìrì tí omi òkun mù jà, àwọn míì sì gbiná lẹ́yìn tí omi ti fà. Iná irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè dé volt 400 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Bí gbogbo ìdáhùn bá dára, tí ẹ sì rà á, kíákíá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tú bátìrì. Ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 10, tàbí iye tí ìwé mọ́tò náà bá sọ, kí ẹ tó yọ ẹnu wáyà àwọ̀ ìyeyè kankan lábẹ́ ìjókòó, nítorí ti airbag ni. Bí ìjókòó bá wà níbi tí kò jẹ́ kí ẹ rí bóòtì rẹ̀, ẹ fún ẹ̀rọ tó ń sún un ní iná volt 12 tààrà láti bátìrì tó dá dúró. Ẹ kó gbogbo ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì jáde, ẹ má ṣe gbìyànjú láti gbẹ ẹ́ níbi tó wà. Fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bọ̀gìnnì nípọn nítorí ariwo, ó lè di omi mú fún oṣù púpọ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ gbẹ, láàárín wákàtí 24 sí 48 sì ni nǹkan ti ń bu nínú rẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ mọ́tò kí omi tó há síbẹ̀ lè jáde.

Ẹ ya fọ́tò ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ lé e, kí ẹ tó yọ àwọn ọpọlọ. Èyí tí omi wọ inú rẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ fi omi tí kò ní èròjà kankan, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì, fọ ẹrẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ẹ fi isopropyl 99, ọtí fífọ ẹ̀rọ tó mọ́ ní ìdá 99 nínú 100, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí omi lè bá a jáde. Ẹ gbẹ ẹ́ níbi tí ooru kò ti kọjá 50 sí 60°C fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alágbára fẹ́ ẹ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, nítorí yóò ti ẹrẹ̀ wọ abẹ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Àwọn tí ẹ fọ̀ tó sì ṣiṣẹ́, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀: wọ́n lè kú láàárín ọdún kan, ó sì dára kí ẹ mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Kọ̀m̀pùrẹ́sọ̀ ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́, bíárìnì ẹsẹ̀, ọ́tánétọ̀ àti sítátà tí omi bò mọ́lẹ̀, ẹ kàn ka owó wọn mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú asẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jó ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀, títí tí kò ní funfun mọ́.

Ìwé àti ìṣirò

Nọ́ńbà ṣáásì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ni ẹ ó fi wá ìtàn mọ́tò náà. Ní Amẹ́ríkà, àkójọ kan wà tí wọ́n ń pè ní NMVTIS, tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò àti ọgbà tí wọ́n ń tú mọ́tò gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, àwọn tí adójútòfò ti san owó wọn ń bọ́ sí ọ̀wọ́ A, B, S tàbí N, èyí tó bá sì wà ní A tàbí B kò gbọ́dọ̀ padà sójú títì mọ́. Ẹ tún fi nọ́ńbà náà wá fọ́tò gbàǹjo àtijọ́, nítorí àwọn kan ń gbé mọ́tò láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn kí àmì omíyalé lè bọ́ lára ìwé rẹ̀. Kí ẹ tó san owó, ẹ bèèrè lọ́wọ́ adójútòfò yín bóyá yóò gbà á, àti lórí iye wo.

Ẹ ṣe ìṣirò náà báyìí. Ẹ pe iye irú rẹ̀ tó péye ní 100. Ká ní ẹ rà á ní 30, tí owó gbàǹjo àti ti gbígbé rẹ̀ jẹ́ 8. Pààtì gba 22, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìforúkọsílẹ̀ ọpọlọ gba 14. Ẹ fi ìdá 30 nínú 100 owó pààtì àti iṣẹ́ pamọ́ fún ohun tí kò tíì yọjú, ìyẹn sún mọ́ 11. Ó ti di 85. Ẹ wá bi ara yín léèrè: mọ́tò tí ìwé rẹ̀ sọ pé omi ti mù, tí ẹ sì sọ òtítọ́ rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, ṣé ẹnikẹ́ni yóò san 85 fún un? Bí ó bá jẹ́ 65 ni wọ́n lè san, iye tí ẹ lè fi rà á ní gbàǹjo kò gbọ́dọ̀ kọjá 10, bí kò bá sì dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn mú un. Ẹ má dín owó ìpamọ́ yẹn kù kí ìṣirò lè dọ́gba. Òun ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ yọ, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ tán.

Fún títà, mi ò rí i pé ó tọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó lè tọ́ fún ẹni tó fẹ́ lò ó fúnra rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tó ní ibi tó lè gbé e sí fún oṣù mẹ́ta láìnílò rẹ̀, tó ní ẹ̀rọ sikáànì tó yẹ tàbí ẹni tó ní in, tí omi náà kò níyọ̀, tí kò sì kọjá ìsàlẹ̀ ìjókòó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó dínwó jù ni kó wá mọ́tò kejì tó jẹ́ irú kan náà, ọdún kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, tó forí sọ nǹkan níwájú ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ gbẹ. Láti ibẹ̀ ni yóò ti rí kápẹ́ẹ̀tì, ìjókòó, wáyà abẹ́ ìjókòó àti ọ̀pọ̀ jù lọ ọpọlọ tó nílò, àyàfi ti airbag tí yóò rà ní tuntun. Kó rí mọ́tò kejì yìí, kó mọ iye rẹ̀, kó tó na ọwọ́ ní gbàǹjo fún àkọ́kọ́.